John Rock: Ọmọ ìjọ Àgùdà tó wà lára àwọn tó ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí

Ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ kọjá, tó sì kọjú sí Òkè Padre n'Ìbàdàn, yóò rí ilé ìjọsìn ńlá tí wọ́n fi orúkọ Màríà Mímọ́ pè. Lára àwọn fáda ìjọ Àgùdà ni òkè náà ti gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ohun tí ìjọ ọ̀hún ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ọmọ bíbí kò fara sin. Wọ́n gbà pé tọkọtaya lè ka ọjọ́, kí wọ́n sì jìnnà síra wọn lásìkò tí obìnrin lè lóyún, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni gbé oògùn mì nítorí kí oyún má baà dúró. Síbẹ̀, nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ìgboro Ìbàdàn, hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà lórí àtẹ, àwọn obìnrin inú gbogbo ẹ̀sìn sì ń rà á.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo oògùn náà, àti àwọn tó ń sá fún un, ni kò mọ̀ pé ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó ṣe é jáde jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà paraku. Àràárọ̀ ló ń lọ sí Máàsì, ní ilé ìjọsìn kan tí wọ́n fi orúkọ Màríà Mímọ́ pe òun náà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Dókítà John Rock lorúkọ rẹ̀. Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè méjì tí àwọn obìnrin kò tíì yé bèèrè: ṣé oògùn náà ṣeé fọkàn tán, kí ló sì ń ṣe fún ara ẹni tó bá ń lò ó?

Ìbejì ni wọ́n bí i

Ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1890 ni wọ́n bí John Rock ní ìlú Marlborough, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òun àti arábìnrin rẹ̀ kan ni wọ́n jọ wáyé lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí ni, bí kò bá jẹ́ Táyé, yóò jẹ́ Kẹ́yìndé. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, ìdílé wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ ìjọ Àgùdà ṣeré. Rock sọ nígbà tó dàgbà pé fáda kan nílùú wọn pe òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ó sì kìlọ̀ fún òun pé kí òun di ẹ̀rí-ọkàn òun mú ṣinṣin, kí òun má ṣe fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi darúgbó.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ̀kọ́ ìṣòwò ló kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórílẹ̀-èdè Guatemala. Iṣẹ́ ọ̀hún kò bá a lára mu. Ó padà sílé, ó wọ yunifásítì Harvard, nígbà tó sì di ọdún 1918, ó ti di dókítà. Lọ́dún 1925, ó fẹ́ Anna Thorndike, Kádínà William O'Connell fúnra rẹ̀ ló sì so wọ́n pọ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí.

Ilé ìwòsàn àwọn obìnrin tó wà ní Brookline, nítòsí Boston, ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn obìnrin tálákà tí ọmọ bíbí ti sọ di arúgbó ọ̀sán gangan: ẹni tí ilé-ọmọ rẹ̀ ti yẹ̀ nípò, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, ẹni tí kò tíì já ọmọ lẹ́nu ọmú tí oyún mìíràn tún ti dé. Nígbà náà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin Massachusetts kí dókítà fún obìnrin ní ohunkóhun tó lè dènà oyún. Lọ́dún 1931, àwọn dókítà 15 kan kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba pa òfin náà rẹ́. Nínú gbogbo wọn, Rock nìkan ṣoṣo ni ọmọ ìjọ Àgùdà. Lọ́dún 1936, ó dá ibì kan sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tọkọtaya bí wọn yóò ṣe máa ka ọjọ́, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìjọ fọwọ́ sí.

Olùtọ́jú àwọn tó ń wojú Olúwa

Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe dídènà oyún ló sọ Rock di olókìkí. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì ló ń wá a kiri. Lọ́dún 1944, òun àti Miriam Menkin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde pé àwọn ti mú ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pàdé nínú ìgò, tí ẹyin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún 1978 ni wọ́n tó bí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbìn.

Níbi tó ti ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí náà ni oògùn ọ̀hún ti yọjú. Ṣáájú ọdún 1954, Rock kó àwọn obìnrin 80 tí kò rí ọmọ bí jọ, ó sì ń fún wọn ní estrogen àti progesterone, èròjà méjì tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ máa ń pèsè. Ó fẹ́ kí ilé-ọmọ wọn sinmi, bóyá yóò le dáadáa bí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lóòótọ́, 13 nínú wọn lóyún láàárín oṣù mẹ́rin.

Lásìkò kan náà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Gregory Pincus àti ẹnìkejì rẹ̀, Min Chueh Chang, ń fi ehoro dán irú èròjà yìí wò, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń dá ẹyin dúró tí kò fi ní í jáde. Margaret Sanger, ajàjàgbara obìnrin, ló rọ Pincus síbi iṣẹ́ náà. Katharine McCormick, opó olówó kan, ló sì ń náwó lé e. Àwọn yìí ń wá dókítà tó lè fi obìnrin dán an wò, tí aráyé kò sì ní í rójú bú. Ta ló tún dáa ju ọmọ ìjọ Àgùdà tí kì í pa Máàsì jẹ lọ? Bí Rock ṣe dara pọ̀ mọ́ wọn nìyẹn.

Ibi tí èròjà náà ti wá yóò ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Inú iṣu igbó kan tó ń hù ní Mexico ni Russell Marker, onímọ̀ kẹ́mísírì, ti rí ohun tó fi ṣe progesterone lọ́pọ̀ yanturu láàárín ọdún 1940 sí 1945. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tún un ṣe tó fi di ohun tí ènìyàn lè gbé mì. Nílùú Igbó-Ọrà tí kò jìnnà sí Ìbàdàn, àwọn ará ìlú a máa sọ pé iṣu àti ọbẹ̀ ìlasa ló ń jẹ́ kí àwọn máa bí ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lókè òkun, inú iṣu kan náà ni ọ̀nà àti dá oyún dúró ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ìbejì.

Ẹkún àwọn obìnrin Puerto Rico

Nítorí pé òfin Massachusetts kò gbà wọ́n láyè, erékùṣù Puerto Rico ni Pincus àti Rock gbé oògùn náà lọ. Oṣù kẹrin ọdún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tálákà ní Río Piedras. Wọ́n sọ fún àwọn obìnrin náà pé oògùn yìí kò ní í jẹ́ kí wọ́n lóyún, ṣùgbọ́n wọn kò là á yé wọn pé ìdánwò ni wọ́n ṣì ń ṣe. Enovid ni orúkọ oògùn ọ̀hún, ó sì le púpọ̀. Èròjà tó dà bíi progesterone nínú hóró kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 10, èyí tó dà bí estrogen sì tó máíkírógíráàmù 150.

Dókítà Edris Rice-Wray, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà níbẹ̀, kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́: ẹni tó bá lò ó bó ṣe yẹ kì í lóyún. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé nínú obìnrin 100, bí 17 ni òòyì ń kọ́, tí èébì ń gbé, tí orí ń fọ́, tí inú sì ń run. Ó ní pẹ̀lú ìyọnu tó pọ̀ tó báyìí, oògùn náà kò tíì yẹ ní ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Ibí yìí ni àbùkù Rock àti Pincus ti hàn jù lọ. Wọ́n kà á sí pé ìrònú ló ń da àwọn obìnrin náà láàmú, pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni wọ́n ń rí. Obìnrin mẹ́ta tó ń lo oògùn náà kú láàárín àkókò yẹn, wọn kò sì yẹ òkú wọn wò láti mọ ohun tó pa wọ́n. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá oògùn náà ló pa wọ́n tàbí nǹkan mìíràn. Ọkùnrin tó káàánú àwọn ìyá tálákà ní Boston kò tẹ́tí sí àwọn ìyá tálákà ní Puerto Rico bó ṣe yẹ. Àwọn òpìtàn kò dárí èyí jì í, wọn kò sì jẹ̀bi.

Lọ́dún 1957, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Enovid fún ìtọ́jú nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège. Lójijì, àwọn obìnrin tó ń sọ fún dókítà wọn pé nǹkan oṣù àwọn kò lọ déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbi gbogbo. Ní ìparí ọdún 1959, Rock tó ti ń súnmọ́ ẹni 70 ọdún lọ sí Washington láti béèrè pé kí wọ́n fọwọ́ sí i ní tààrà fún ìdènà oyún. Òṣìṣẹ́ tó bá pàdé níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ọmọ ìjọ Àgùdà sì lòun náà. Nígbà tí onítọ̀hún gbé ọ̀rọ̀ ìjọ wá, Rock fi ìbínú kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe fojú kéré ìjọ òun. Lọ́dún 1960, wọ́n fọwọ́ sí oògùn náà.

Ìjà pẹ̀lú Róòmù

Ohun tí Rock gbà gbọ́ kò lọ́jú pọ̀. Ó ní Póòpù Pius Kejìlá ti fọwọ́ sí ọjọ́ kíkà lọ́dún 1951. Bí oògùn bá sì ń lo irú èròjà tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ fi ń dá ẹyin dúró nígbà tó bá lóyún, a jẹ́ pé ṣe ló kàn ń fi kún iye ọjọ́ tí obìnrin kò lè lóyún ni. Èrò yìí hàn nínú bí wọ́n ṣe ń lò ó: ogún ọjọ́ ni obìnrin yóò fi gbé oògùn mì, yóò sì dáwọ́ dúró kí ẹ̀jẹ̀ lè wá bíi ti oṣooṣù. Nǹkan oṣù gidi kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó ń fi obìnrin lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò lóyún.

Lọ́dún 1963, Rock tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ rẹ̀ sì kan káàkiri ayé. Àwọn kan nínú ìjọ yìn ín, àwọn mìíràn ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Ìgbìmọ̀ tí Róòmù yàn sórí ọ̀rọ̀ náà jókòó, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn sì dábàá lọ́dún 1966 pé kí ìjọ gba oògùn náà láyè. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1968, Póòpù Paul Kẹfà fi ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Humanae Vitae sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dé Òkè Padre, tó dé gbogbo ìjọ Àgùdà lágbàáyé, òun náà ló sì wà nílẹ̀ di òní yìí. Ó dun Rock dọ́kàn. Nígbà tó dàgbà gan-an, ọkùnrin tí kì í pa Máàsì jẹ yìí jìnnà sí ilé ìjọsìn.

Bí oògùn náà ṣe di èyí tí kò le mọ́

Bí ìjà ẹ̀sìn ti ń lọ lọ́wọ́ ni ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀ nílé ìwòsàn. Lọ́dún 1961, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀dọ̀fóró nọ́ọ̀sì kan tó lo Enovid. Láìpẹ́, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń jáde lọ́tùn-ún lósì. Àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé estrogen tó wà nínú rẹ̀ ló fà á: bó bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń pọ̀ tó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1969, ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn dókítà níyànjú pé kí wọ́n má ṣe fún obìnrin ní èyí tí estrogen rẹ̀ bá ju máíkírógíráàmù 50 lọ mọ́. Lọ́dún 1970, ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí obìnrin kan tó ń lo oògùn náà lára àwọn tí wọ́n pè wá jẹ́rìí, ni àwọn obìnrin tó wá wòran bá dìde, wọ́n sì fariwo ta pé ara àwọn ni wọ́n ń sọ. Láti ọdún yẹn ni wọ́n ti ń fi ìwé ìkìlọ̀ sínú páálí oògùn náà. Nígbà tó di ọdún 1988, gbogbo èyí tí estrogen rẹ̀ ju 50 lọ ti kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà.

Èyí tó wà níta báyìí ni oògùn tí èròjà rẹ̀ kò pọ̀. Estrogen inú èyí tó wọ́pọ̀ jù wà láàárín máíkírógíráàmù 20 sí 35. Ìbéèrè tí ènìyàn máa ń bèèrè ni pé nígbà tí wọ́n ti dín in kù tó báyìí, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Nínú obìnrin 1,000 tó bá lò ó láìpa ọjọ́ kan jẹ, bíi mẹ́ta ni yóò lóyún láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara a máa gbàgbé. Bí a bá ka àwọn tó ń gbàgbé mọ́ ọn, nínú obìnrin 100, bíi méje ni yóò lóyún lọ́dún kan. Ẹni tó bá gbàgbé hóró kan, kó gbé e mì ní kété tó bá rántí. Ẹni tó bá gbàgbé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, kó gbé ọ̀kan mì lójú ẹsẹ̀, kó máa bá èyí tó kù lọ, kó sì lo kọ́ńdọ̀mù tàbí kó takété títí yóò fi lò ó fún ọjọ́ méje gbáko. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní rifampicin, àwọn oògùn wárápá kan, àti díẹ̀ nínú oògùn kòkòrò HIV, lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Kò sì lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrùn ìbálòpọ̀.

Ní ti ìyọnu rẹ̀, èébì lè máa gbé àwọn kan, ọmú lè máa dun wọ́n, orí lè fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ láìtọ́jọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Ewu ẹ̀jẹ̀ dídì kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti kéré: nínú obìnrin 10,000 tí kò lo oògùn tí kò sì lóyún, bíi méjì ni yóò ṣe lọ́dún kan, nínú àwọn tó ń lò ó, ó wà láàárín 5 sí 12. Ewu náà tún pọ̀ ju èyí lọ fún aláboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìwádìí fi hàn pé ewu jẹjẹrẹ ọmú ń pọ̀ díẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń lò ó, nígbà tí ewu jẹjẹrẹ ilé-ẹyin àti ti inú ilé-ọmọ ń dín kù.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ wọ́n wò: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ rí, ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó sì ń mu sìgá, ẹni tí ẹ̀fọ́rí ńlá tó ń mú ojú ṣe báìbáì ń dà láàmú, àti abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ lọ́mú. Irú mìíràn tí kò ní estrogen wà fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó sì ń dun ẹni tó ń lo oògùn náà, tàbí tí àyà rẹ̀ ń dùn ún tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ilé aládùúrà.

Ìbàdàn àti ogún Rock

Ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí oògùn tó dé. Abiyamọ kì í bá ọkọ lò pọ̀ títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí tó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta láyé àtijọ́. Ìwádìí tí John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ ṣe láàárín àwọn Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1977, fi hàn pé àṣà yìí ló ń fi àyè sáàárín ọmọ méjì. Bí àṣà náà ṣe ń dín kù nígboro ni oògùn ń dé. Lọ́dún 1964 ni wọ́n dá àjọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn UCH kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Ìbàdàn bí wọ́n ṣe máa ta oògùn náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí àtẹ wọn. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tó wà nílé ọkọ ní Nàìjíríà, 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé kankan.

Ìbẹ̀rù tó wọ́pọ̀ jù ni pé oògùn náà ń ba ilé-ọmọ jẹ́, pé ẹni tó bá lò ó kò ní í rí ọmọ bí mọ́. Ìtàn Rock fúnra rẹ̀ kò gbe èyí lẹ́yìn. Àwọn tó ń wá ọmọ ló kọ́kọ́ fún ní èròjà náà, àwọn kan nínú wọn sì lóyún lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá fi í sílẹ̀ máa ń lóyún láàárín ọdún kan, bíi ti àwọn tí kò lò ó rí.

Ọjọ́ 4, oṣù kejìlá, ọdún 1984 ni John Rock jáde láyé ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ẹni ọdún 94 ni. Ìjọ rẹ̀ kò yí ohùn padà, oògùn rẹ̀ náà kò sì kúrò nílẹ̀. Èyí tí àwọn obìnrin ń gbé mì lónìí kò le tó èyí tó kó lọ sí Puerto Rico, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dín in kù. Ariwo àwọn obìnrin tí ara ń ni, tí wọn kò gbà pé ìrònú lásán ni, ló dín in kù.